Ìka Méjì Fún Ìgbọ̀nwọ́ Kan

Ilẹ̀kùn tó bá gùn jù, èèyàn á fi ayùn rẹ́ díẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ á parí. Èyí tó bá kúrú ńkọ́? Kò sí ayùn tó ń rẹ́ igi gùn láyé yìí. Ẹ̀sín gbáà ni ilẹ̀kùn kúkúrú, òun náà ni wọ́n sì fi kẹ̀kẹ́ ẹrù tì padà wá sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Káfíńtà láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí. Ẹlẹ́ẹ̀kejì irú rẹ̀ nìyẹn, fún oníbàárà kan náà, fún ẹnu ọ̀nà kan náà.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ló ni ín. Obìnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ yàrá ńlá kan tí yóò máa po ìyẹ̀fun sí, ilẹ̀kùn nìkan ló kù kó tó dáná sí ààrò. Kò pariwo. Ì bá tilẹ̀ pariwo, ì bá sàn. Ó kàn fara ti òpó ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn náà bí ẹni tó ń yẹ búrẹ́dì wò bóyá ó ti jinná.

"Bàbá," ó ní, "tàkọ́kọ́ kúrú, ẹ ní àṣìṣe ni, mo gbà. Kejì rèé. Adìyẹ ará ilé kejì ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé láìbẹ̀rẹ̀. Bí adìyẹ bá ń wọlé, eku ńkọ́? Ṣé eku ni kí n máa po ìyẹ̀fun fún ni?"

"Ẹ má bínú," Bàbá wí.

"Mi ò bínú. Ó kàn sú mi ni. Ọ̀túnla ni mo fẹ́ dáná. Bí ilẹ̀kùn kò bá tó ẹnu ọ̀nà lọ́túnla, màá gbé iṣẹ́ mi lọ síbòmíràn, màá sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tó bá bi mí."

Ta ni kò sì ní bi í? Gbogbo àdúgbò ló ń ra búrẹ́dì.

Nígbà tó lọ tán, Bàbá kò wo ilẹ̀kùn náà rárá. Àkọ́bí rẹ̀ ló ń wò.

Àkọ́bí yìí, obìnrin ni o, Àkọ́bí náà sì ni orúkọ tí gbogbo ilé ń pè é. Ó ti lé lẹ́ni ogójì ọdún, àwọn ọmọ tirẹ̀ ti ń bá a jiyàn nínú ilé, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin ló ti ń rẹ́ igi fún bàbá rẹ̀. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn, kò sì wù ú kó mọ̀ ọ́n. Ayùn tó ń lò, Bàbá ló fi lé e lọ́wọ́, èèkù rẹ̀ sì ti jẹ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ débi pé bí ẹlòmíràn bá dì í mú, ara ẹni náà kò ní balẹ̀.

"Kí lo wọ̀n?" Bàbá bi í.

"Gíga rẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ tèmi márùn-ún àti ìka mẹ́wàá."

"Sọ ọ́ di tèmi."

"Ìgbọ̀nwọ́ tiyín márùn-ún géérégé."

"Márùn-ún ni mo sàmì sí. Ta ló rẹ́ ẹ?"

"Èmi ni."

"Orí ilà?"

"Orí ilà ni, Bàbá."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwọ lo wọ̀n ọ́n ṣì níbẹ̀." Bàbá gbé ojú kúrò lára rẹ̀, ó ń fọwọ́ nu lẹ́búlẹ́bú igi kúrò lórí bẹ́ńṣì. "Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló kù. Bí ìyẹn náà bá tún kúrú, kí o gbé ayùn yẹn kalẹ̀. Àbúrò rẹ ni màá pè kó wá máa lò ó."

Àkọ́bí dúró bí ẹni tí wọ́n bu omi tútù lù. Kí ni yóò sọ? Pé òun kò ṣì í? Ilẹ̀kùn kúkúrú wà nílẹ̀ níbẹ̀ yẹn, òun ló ń jẹ́rìí.

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù yìí, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà wà. Ìka mẹ́rin tí a tò mọ́ra wọn ni àtẹ́lẹwọ́ kan. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́ta ni ọwọ́ nínà kan, ìyẹn láti orí àtàǹpàkò dé orí ọmọńdinrín bí èèyàn bá ya ìka rẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ nínà méjì ni ìgbọ̀nwọ́ kan, láti ṣóńṣó ìgúnpá dé orí ìka àárín. Ìgbọ̀nwọ́ mẹ́rin ni apá nínà, bí ìgbà tí èèyàn bá na apá méjèèjì láti dì mọ́ ẹni tó ti pẹ́ tó rí. Ó rọrùn, àbí? Ó rọrùn fún ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìka kò dọ́gba, kí ẹ tó wá sọ ti apá. Ìgbọ̀nwọ́ Bàbá gùn ju ti Àkọ́bí lọ. Lọ́jọ́ tó gbà á sẹ́nu iṣẹ́, ó ní kó gbé apá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tòun lórí bẹ́ńṣì, kó fi ìka tirẹ̀ wọn ohun tó ṣẹ́kù. Ìka méjì ni.

"Tìrẹ kan, fi ìka méjì kún un, ó di tèmi kan," Bàbá wí. "Má gbàgbé ẹ láéláé."

Kò sì gbàgbé. Bí ẹ bá jí i lójú oorun, yóò sọ ọ́ di ti Bàbá kó tó bi yín pé kí ló dé.

Orúnkún Bàbá kò jẹ́ kó rìn jìnnà mọ́. Nítorí náà, Àkọ́bí ló ń lọ fi apá tirẹ̀ wọn ẹnu ọ̀nà níbi tó bá wà, yóò sọ ọ́ di ti Bàbá, yóò mú un wálé. Bàbá á wá fi apá tirẹ̀ sàmì sára igi, Àkọ́bí á rẹ́ ẹ. Òfin ṣọ́ọ̀bù ni pé ẹni tó sàmì kì í rẹ́, ẹni tó ń rẹ́ kì í sàmì, kí ojú ẹni méjì lè wà lórí igi kan. Òfin ni pẹ̀lú pé bí Bàbá bá ń sàmì, kí ẹni tó máa rẹ́ ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kó panu mọ́. Èyí tó wá burú jù ni ti okùn. Okùn kò gbọ́dọ̀ kan igi tí alààyè máa lò. "Òkú là ń fi okùn wọ̀n," ni Bàbá máa ń wí, torí pé pósí nìkan ni òun àti bàbá tó bí i ń fi okùn wọ̀n. "Alààyè, apá ni." Téèpù ńkọ́? Bàbá ní okùn onírin ni téèpù. Ẹ bá a jiyàn bí ẹ bá ráyè.

Kí oòrùn tó dé àárín orí, Àkọ́bí ti wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyẹ̀fun náà, ó ń gbé ìgúnpá lé férémù, ó ń fi pẹ́ńsù sàmì, ó tún ń gbé ìgúnpá lé orí àmì. Márùn-ún àti ìka mẹ́wàá. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀. Márùn-ún àti ìka mẹ́wàá. Ó ní bóyá ìgúnpá òun ló ń parọ́, ó fi ọwọ́ nínà wọ̀n ọ́n: ọwọ́ nínà mẹ́wàá, ó ku ìka mẹ́wàá. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ wọ̀n ọ́n, àtẹ́lẹwọ́ méjìlélọ́gbọ̀n, ó ku ìka méjì. Ó wá jókòó sórí àga náà, ó sọ gbogbo wọn di ìka. Àtẹ́lẹwọ́ méjìlélọ́gbọ̀n, ìka mẹ́rin-mẹ́rin, fi ìka méjì kún un: àádóje ìka. Ìgbọ̀nwọ́ tirẹ̀ márùn-ún, ọgọ́fà ìka, fi mẹ́wàá kún un: àádóje. Ti Bàbá ńkọ́? Ìka mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ìgbọ̀nwọ́ Bàbá kan. Ìlọ́po márùn-ún rẹ̀, àádóje.

Ká ní ó ṣì í ni, ì bá dùn mọ́ ọn. Àṣìṣe ṣeé tún ṣe. Èwo ni kí èèyàn ṣe sí ohun tó tọ̀nà níbi gbogbo tó sì tún kúrú? Inú bí i débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju pẹ́ńsù sínú àpò ìyẹ̀fun. Ó ń bá ògiri sọ̀rọ̀ pé bóyá ògiri ló ń dàgbà lóru. Ògiri kò dá a lóhùn.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ti ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ààrò tipẹ́. "Àkọ́bí, ẹ ò ní téèpù nílé yín ni?"

"A ní bàbá, mà," Àkọ́bí dáhùn.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Òun náà ní bàbá nígbà kan.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àbúrò rẹ̀ yà sí ṣọ́ọ̀bù. Fóònù ni àbúrò yìí ń tún ṣe ní ìkòríta, aṣọ rẹ̀ kì í ní àbààwọ́n, kò sì sí ohun tó kórìíra tó kí eruku igi kan bàtà rẹ̀. Ó fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́yìn ilé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kúrú. Bàbá ti ránṣẹ́ pè mí. Kí ni mo fẹ́ fi ayùn ṣe?"

"Bi Bàbá."

"Bí wọ́n bá fi tipátipá gbé e fún mi, ẹ̀yin náà mọ ohun tí màá ṣe. Màá kó fóònù mi wá síbí. Iwájú ọ̀nà ni, ó dáa fún ọjà."

Kò sọ ọ́ láti fi dẹ́rù bà á. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ, ìyẹn ló fi dun Àkọ́bí jù. Ayùn rẹ̀ yóò kọ́ sára ògiri, bẹ́ńṣì yóò sì di ibi tí wọ́n ń tẹ́ èèpo fóònù sí.

Ọmọkùnrin náà fẹ́ ṣèrànwọ́ ṣá o. Ó ti gba ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì kọjá, ó ti fi téèpù wọn ẹnu ọ̀nà náà. Ó wọlé tọ Bàbá lọ pẹ̀lú ìdánilójú ẹni tó ti bá wọn yanjú ẹ̀.

"Bàbá, ẹsẹ̀ bàtà méje àti ínǹṣì mẹ́jọ ni."

"Ẹsẹ̀ ta ni?" Bàbá bi í.

"Ẹsẹ̀ bàtà ni, Bàbá. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹnì kankan."

"Ẹsẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹnì kankan, báwo ló ṣe rìn débẹ̀?" Bàbá bọ́ bàtà rẹ̀ kan, ó ní kó tẹ́ téèpù náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé e. Gìgísẹ̀ rẹ̀ wà lójú òdo, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì dé ibi tí téèpù pè ní ẹsẹ̀ kan. "Wò ó. Ẹsẹ̀ òmìrán lo gbé wá. Òmìrán wo ló fẹ́ ra búrẹ́dì?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi wọn ilẹ̀kùn yìí lásán. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Gbé okùn yẹn kúrò lára igi mi."

Àbúrò wo Àkọ́bí. Àkọ́bí wo òrùlé. Omi ti pọ̀ ju ọkà lọ. Ọmọkùnrin náà ká téèpù rẹ̀ padà, ó kí wọn, ó lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Bàbá tó jáde, Àkọ́bí ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ohun kan ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó ti wọn ẹnu ọ̀nà ní gbogbo ọ̀nà tó mọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì wọn ilẹ̀kùn kúkúrú náà fúnra rẹ̀. Kí ni ì bá wọ̀n ọ́n fún? Bàbá ló sàmì sí i. Ta ló ń wọn ohun tí Bàbá ti wọ̀n?

Ó gbé ìgúnpá lé e. Márùn-ún, àti ìka márùn-ún.

Ó tún un ṣe. Márùn-ún, àti ìka márùn-ún. Ó yẹ kó jẹ́ mẹ́wàá. Ó lọ sẹ́yìn ilé níbi tí wọ́n ti fi ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ bo igi gbígbẹ nítorí òjò, ó wọn òun náà. Márùn-ún, àti ìka márùn-ún.

Ẹ wò ó, bí èèyàn bá ṣì nǹkan lẹ́ẹ̀kan, àṣìṣe ni. Bó bá ṣì í lẹ́ẹ̀kejì sí ibì kan náà gẹ́lẹ́, ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe mọ́. Òun rẹ́ ẹ lórí ilà, èyí dá a lójú. Nítorí náà, ilà náà ló kúrú. Bàbá ka márùn-ún, márùn-ún náà kò pé. Àwé, ta ni kò lè ka márùn-ún? Ìka márùn-ún ló sọnù, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìgbọ̀nwọ́ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ẹnì kan ń yọ ọ́ jẹ. Àkọ́bí dúró níbẹ̀, orí rẹ̀ gbóná, ó sì wá ń bínú sí Bàbá tààrà fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n fẹ́ gba ayùn lọ́wọ́ òun nítorí ohun tí òun kò ṣe.

Bàbá jáde, ó jókòó, ó ní kó gbé pákó tuntun wá. Àkọ́bí gbé e sórí bẹ́ńṣì. Ó yẹ kó bọ́ sẹ́yìn, kó gbé ayùn dání, kó panu mọ́. Kò bọ́ sẹ́yìn. Ó dúró síwájú, ó di orí pákó mú.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó ń mì, Bàbá. Mo fẹ́ bá yín dì í mú."

Bàbá kùn díẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó gbé ìgúnpá lé etí igi. Ó na apá. Ó na ìka. Ó dá òun fúnra rẹ̀ lójú pé òun na ìka. Ṣùgbọ́n ìka àárín náà kò nà. Ó kákò láti oríkèé kejì, orí rẹ̀ dojú kọ igi, bí ìka ẹni tó di nǹkan mú tó gbàgbé láti jù ú sílẹ̀. Àwọn oríkèé náà ti wú, wọ́n ń dán. Làkúrègbé tó ń jẹ ẹ́ lórúnkún ti gòkè dé ọwọ́, kò sì sọ fún ẹnì kankan. Bóyá kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ. Ó fi pẹ́ńsù sàmì síbi tí ìka náà dé. "Ọ̀kan," ó ní. Ó gbé ìgúnpá sórí àmì.

Àkọ́bí gbé ojú lọ síbòmíràn. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹ̀yìn Bàbá ni ó ń wò bí Bàbá bá ń sàmì. Aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló mọ̀, àti ohùn rẹ̀ tó ń kà.

"Márùn-ún," Bàbá wí. Ó fa ilà náà tọ́ọ́rọ́. "Rẹ́ ẹ."

Kí ni kí ó ṣe? Ẹ bá mi rò ó. Bí ó bá rẹ́ ẹ lórí ilà, ilẹ̀kùn kúrú, ayùn lọ, ṣọ́ọ̀bù di ti fóònù. Bí ó bá sọ̀rọ̀, kí ni yóò sọ fún ọkùnrin tó ń sọ fún gbogbo ayé pé apá òun ni ilé iṣẹ́ òun? Bí a bá ní ká bẹ́ igi, a ó bẹ́ èèyàn. Inú tó ń bí i kò tíì lọ, àánú sì ti wọlé tì í, àwọn méjèèjì wá ń ti ara wọn láyà rẹ̀. Ó gbé ayùn. Ó fi ìka tirẹ̀ mẹ́rin lé ẹ̀yìn ilà, ó fi ẹyọ kan kún un, ó sì gbé ayùn síbẹ̀.

"Ilà ńkọ́?" Bàbá wí.

Ó ń rẹ́ ẹ lọ.

"Àkọ́bí. O ti kọjá ilà."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"O mọ̀?" Bàbá dìde. Ó pẹ́ tó ti dìde kíákíá bẹ́ẹ̀. "Mo fẹ́ gba ayùn lọ́wọ́ rẹ nítorí pé o kò mọ wíwọ̀n, o wá tún ń rẹ́ igi mi níbi tó wù ọ́?"

"Igi náà máa súnkì ni," Àkọ́bí wí. Irọ́ tó kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu nìyẹn, irọ́ tí kò ní láárí.

Bàbá wò ó. "Ta ló kọ́ ọ ní igi?"

"Ẹ̀yin ni."

"Kí ni mo sọ fún ọ nípa gígùn igi?"

Àkọ́bí kò fẹ́ dáhùn. "Ẹ ní igi a máa súnkì níbùú. Ẹ ní kì í súnkì lóròó."

"Kì í súnkì lóròó," Bàbá wí. Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Kí ló wá súnkì?"

Ọwọ́ Bàbá ni ojú Àkọ́bí wà. Kò mọ̀ọ́mọ̀ wò ó, ojú náà ló lọ síbẹ̀, nígbà tó sì máa fi gbé e kúrò, Bàbá ti rí ibi tó ń wò.

Bàbá kò bá a wí. Ó yíjú sí bẹ́ńṣì. Bẹ́ńṣì yìí ni ohun àkọ́kọ́ tó kàn nígbà tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ìgbọ̀nwọ́ mẹ́ta ni, kò sì sí ẹni tó wọ inú ilé yẹn rí tí kò tíì gbọ́ pé ìgbọ̀nwọ́ mẹ́ta ni. Ó gbé ìgúnpá lé etí rẹ̀. Ó ń kà. Nígbà tó ka mẹ́ta, bẹ́ńṣì ṣì wà níwájú. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti etí kejì. Bẹ́ńṣì tún ṣẹ́kù.

"Bẹ́ńṣì yìí ti gùn," Bàbá wí.

"Igi gbígbẹ ni, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé igi gbígbẹ ni."

Ó fi ọwọ́ òsì di ìka àárín ti ọ̀tún mú, ó ń nà án. Ìka náà nà díẹ̀, ojú Bàbá fà ro, ó jù ú sílẹ̀, ìka náà padà síbi tó wà. Ó tún un ṣe. Àkọ́bí fẹ́ ní kó fi í sílẹ̀. Ìbínú tó ti gbé wá láti àárọ̀ ti wá di nǹkan mìíràn, ó sì ṣe é bí ẹni pé ìbínú sàn jù ú lọ.

Bàbá jókòó.

"Ìka mélòó?" ó bi í. Ohùn tó fi ń bi í ní ojoojúmọ́ náà ló fi bi í.

"Ọ̀kan, Bàbá. Fún ìgbọ̀nwọ́ kan."

"Márùn-ún nínú márùn-ún."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àti ilẹ̀kùn àkọ́kọ́?"

"Òun náà."

"Fèrèsé ilé ìwé tó kúrú, tí mo torí rẹ̀ fi ọ́ ṣẹ̀sín ńkọ́?"

Àkọ́bí ti gbàgbé ti fèrèsé yẹn. Bàbá kò gbàgbé. "Mi ò tíì padà lọ wọn ìyẹn wò," ó dáhùn.

Bàbá mi orí. Ó na pẹ́ńsù sí i. "Fa ilà náà síbi tó yẹ. Ayùn rẹ ti kọjá ilà tèmi tẹ́lẹ̀ ná."

"Ẹni tó ń rẹ́ kì í sàmì, Bàbá."

"Èmi ni mo ṣe òfin. Fà á."

Ó fà á. Bàbá dìde, ó lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀ kí ojú ẹni méjì lè wà lórí igi, ó yẹ kó panu mọ́, kò sì panu mọ́ rárá. Ó ní ọwọ́ rẹ̀ ń yára jù. Ó ní kó mú ìgúnpá wálẹ̀. Ó ní ilà tó fà wọ́. Àkọ́bí gbà á mọ́ra títí tí pákó fi já.

Lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀kùn wọ ẹnu ọ̀nà oníbúrẹ́dì wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ó rí i pé eku kò lè gbabẹ̀, ó ní ó dáa. Kò bi wọ́n pé kí ló ṣe àwọn méjì yòókù. Iná ààrò ló ká a lára. Àbúrò gbọ́, ó sáré wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú oríire, inú rẹ̀ dùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ.

Ó yẹ kí inú Àkọ́bí náà dùn. Ayùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ́ńsù sì ti kún un. Apá tirẹ̀ ló ń wọn ẹnu ọ̀nà, apá tirẹ̀ ló ń sàmì sí igi. Kò sí ìyípadà kankan tó ń ṣe mọ́. Ó rọrùn débi pé ó ń bí i nínú. Bó bá wọn ògiri, orí rẹ̀ á ti máa fi ìka méjì-méjì kún un kó tó rántí pé kò sí ẹni tí òun ń kún un fún.

Bàbá ṣì máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún. Níjọ́ kan, Àkọ́bí ti ibi kan dé, wọ́n fẹ́ kó bá wọn kan pẹpẹ. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Bàbá kọjá lọ sídìí igi.

"Mélòó ni?" Bàbá bi í.

"Ìgbọ̀nwọ́ mẹ́ta àti ìka mẹ́fà."

Ó ti gbé pákó kalẹ̀, ó ti na apá láti wọ̀n ọ́n.

"Sọ ọ́ di tèmi," Bàbá wí.

Inú kọ́kọ́ bí i. Oòrùn ti pa á, iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Apá tí ó ń sọ yẹn, kò sí níbì kankan mọ́. Ó yíjú padà láti sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà ló ń wò, ọwọ́ rẹ̀ kákò lórí orúnkún, ó ń dúró de ìdáhùn.

"Ìgbọ̀nwọ́ tiyín mẹ́ta ni, Bàbá," ó ní. "Géérégé."

"Ó tọ̀nà," Bàbá wí. "Rẹ́ ẹ."